Àjò Kì Í Dùn Kí Onílé Má Relé: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Nípa Àwọn Tí Ìjọba Dí Lọ́nà

Ìbéèrè tí a gbé síwájú wa lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Àwọn olùkọ́ ní ìlú Ìwó níhìn-ín ni wọ́n béèrè rẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ayé láti 1945 wá, àwọn a máa kan ọ̀rọ̀ àwọn Júù tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba Soviet ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, àwọn tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn kó kúrò nílùú, tí ìjọba sì kọ̀ jálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀, wọn a há a sórí fún ìdánwò, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Báwo ni a ṣe lè kọ́ ọmọ tí kò mọ Moscow, tí kò sì bá Júù kankan jẹun rí, tí ìtàn náà yóò fi wọ̀ ọ́ lọ́kàn?

Ìdáhùn tèmi ni pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a tó mú ọmọ dé Moscow, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú un dé Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, nítorí pé ìran tiwa gan-an ni ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀ sí níbẹ̀ kí a tó dá ìjọba Soviet sílẹ̀ rárá. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí mo ti ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ìjọba tí ó fi tipátipá lé ènìyàn jáde àti ìjọba tí ó de ènìyàn mọ́lẹ̀ kí ó má lè lọ, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ni kò jẹ́ kí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ilé òun wà.

Bí wọ́n ṣe dé Bahia

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò fara rọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Afọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin ní Ìlọrin ní nǹkan bí 1817. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ogun Òwu fi bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀yọ́ Ilé fúnra rẹ̀ sì di ahoro ní àwọn ọdún 1830. Ìlú túká, ọ̀nà di eléwu, ẹni tí ó lọ sóko kò dá a lójú pé òun yóò padà wálé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a mú lẹ́rú, tí a sì tà ní etí òkun ní Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Púpọ̀ nínú wọn ni ọkọ̀ gbé lọ sí Bahia, pàápàá sí ìlú Salvador tí í ṣe olú ìlú rẹ̀. Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀.

Ẹrú inú ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ kò rí bí ẹrú oko ìrèké. Àwọn kan ń ru ẹrù, àwọn kan ń gbé ọlọ́lá lórí àga káàkiri ìgboro, àwọn obìnrin ń ta oúnjẹ, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní láti mú iye kan wá fún olówó wọn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí ohun kan bá ṣẹ́kù, tiwọn ni. Nínú ìṣẹ́kù yìí ni wọ́n ti ń tu owó jọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, bí èésú àti àjọ tí a ń dá nílé, kí wọ́n lè máa fi owó ẹgbẹ́ ra ara wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá san iye tí a bù lé e a gba ìwé òmìnira.

Ṣùgbọ́n kí ni ìwé yìí tó ṣe? Òfin tí ó dá ìjọba Bràsíl sílẹ̀ ní 1824 ka ẹrú tí a bí sí Bràsíl, tí ó gba òmìnira, sí ọmọ ìlú. Kò ka ẹni tí a bí ní Áfíríkà sí bẹ́ẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, kò sì bọ́ sọ́wọ́ ìlú kankan. Kì í ṣe ẹrú mọ́, kò sì di ọmọ onílùú. Kí olùkọ́ má ṣe sáré kọjá níhìn-ín, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó kù nínú ìtàn náà ti ṣẹ̀ wá.

Àfáà tí owó kò rà padà

Ọkùnrin kan wà tí àwọn ìwé ilé ẹjọ́ Bahia pe orúkọ rẹ̀ ní Pacífico Licutan. Bilal ni orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí. Yorùbá ni, àgbàlagbà ni, àfáà tí àwọn ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún sì ni. Iṣẹ́ tábà ni ó ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dáwó jọ tí wọ́n fẹ́ fi rà á padà. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni olówó rẹ̀, tí í ṣe dókítà, kọ̀. Owó pé, olùrà dúró, àṣẹ nìkan ni kò sí. Nígbà tí 1834 ń parí lọ, wọ́n sọ bàbá yìí sẹ́wọ̀n. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Olówó rẹ̀ ni ó jẹ gbèsè, a sì fẹ́ ta Licutan ní gbàǹjo láti fi san gbèsè náà.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní 1835, nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn ènìyàn tí a fojú bù sí 600 gbé ohun ìjà jáde ní ìgboro Salvador. Ẹrú wà nínú wọn, àwọn tí ó ti gba òmìnira náà wà níbẹ̀, Yorùbá ni ó sì pọ̀ jù. Ìjọba ti gbọ́ fìnrínfìnrín kí àkókò tí wọ́n dá tó pé. Wọ́n kọlu ẹ̀wọ̀n tí Licutan wà, wọn kò rí i tú sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìjà ti parí, àwọn tí ó kú sì tó 70. Ìmàle, tí í ṣe orúkọ tí a fi ń pe Mùsùlùmí nílé wa, ni àwọn ará Bràsíl gbọ́ tí wọ́n fi ń pe ìjà náà ní ogun àwọn Malê títí di òní.

Ìyà tí ó tẹ̀lé e pọ̀. Wọ́n fi ẹgba na àwọn kan fún ọjọ́ púpọ̀ léraléra. Licutan tí kò jáde nínú ẹ̀wọ̀n lóru ìjà náà wà lára àwọn tí a dá ẹgba fún, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, wọ́n pa ènìyàn mẹ́rin. Ìdájọ́ wọn ni pé kí a so wọ́n kọ́, ṣùgbọ́n a kò rí ẹnikẹ́ni tí yóò gbà láti so wọ́n, nítorí náà wọ́n yìnbọn pa wọ́n. Ìwé ilé ẹjọ́ pe ọ̀kan nínú wọn ní Jorge da Cruz Barbosa. Orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ ni Àjàyí.

Ẹ̀rí tí a fi dá wọn lẹ́bi ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Ìwó gbọ́ jù lọ. Ìwé tí a fi èdè Lárúbáwá kọ ni. Tìrà tí ó wà lára òkú, wàláà tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn ní kéwú, bébà tí a kọ àyọkà Àlùkùránì sí, gbogbo rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá kó lọ síwájú adájọ́ bí ẹni pé ìbọn ni. Ìlú tí Ọba Lámúyẹ ti jẹ́ Olúwòó tí ó ń ṣe ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nìyí, ọmọ tí ó gbé wàláà lọ sí ilé kéwú kì í ṣe ohun àrà lójú ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Ẹ sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ni a torí rẹ̀ gbé àwọn ẹni rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ìtàn yóò wọ̀ ọ́ lára.

Òfin tí ó ní "lọ", tí ó sì di ọ̀nà

Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1835, nígbà tí ó ku ọ̀la kí a pa àwọn mẹ́rin yẹn, ilé ìgbìmọ̀ Bahia gbé òfin kan jáde. Ìjọba lè lé ẹni tí a bí ní Áfíríkà tí ó ti gba òmìnira kúrò nílùú bí a bá ti fura sí i, ì báà jẹ́ pé ilé ẹjọ́ kò dá a lẹ́bi. Àwọn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀. Onílé tí yóò bá gbà wọ́n sílé ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ. Wọn yóò sì máa san owó orí 10,000 réis lọ́dọọdún, nítorí kìkì pé Áfíríkà ni a bí wọn sí, àti pé wọn kì í ṣe ẹrú mọ́.

Ẹni tí ó bá gbọ́ òfin yìí lè sọ pé, ó dára, ìjọba fẹ́ kí wọ́n lọ, àwọn náà sì fẹ́ relé, kí ni ìjà? Ìdáhùn ni pé ẹnu ìjọba ni ó ní "lọ", ọwọ́ rẹ̀ kò ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí yóò lọ ní láti gba ìwé ìrìnnà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ó ní láti rí owó ọkọ̀. Òfin mìíràn, ti ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 1831, sì ti sọ pé àjèjì tí ó ti jẹ́ ẹrú rí tí ó sì gba òmìnira kò gbọdọ̀ gúnlẹ̀ sí Bràsíl. Nítorí náà ẹni tí ó bá lọ tí nǹkan kò sì gún fún un ní Áfíríkà, kò sí àbọ̀ fún un lábẹ́ òfin. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹbí. Ìyá tí ó ti ra ara rẹ̀ padà, tí ọmọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrú, kí ni ìwé ìrìnnà fẹ́ ṣe fún un? Bí ó bá lọ, ó fi ọmọ sílẹ̀. Bí ó bá dúró, owó orí àti ìfura ni yóò máa bá a gbé.

Síbẹ̀, wọ́n lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ méjì fún yín. Ní 1835 náà, ìjọba Bahia kó àwọn kan tí ó fura sí sínú ọkọ̀ ní tipátipá, ó sì dá wọn padà sí etí òkun Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1836, àwọn méjì kan tí wọ́n ti gba òmìnira, Antonio da Costa àti João Monteiro, háyà ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Nimrod. Owó ara wọn ni wọ́n fi háyà rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ènìyàn wọn sínú rẹ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Elmina àti Winneba ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, àti sí Agoué ní ilẹ̀ Benin. Òkun kan náà ni ọkọ̀ méjèèjì là kọjá. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kìn-ín-ní, a gbé e lọ ni. Ẹni tí ó wà nínú Nimrod, òun ni ó lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "a gbé e lọ" àti "ó lọ", ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà yé.

Kò yẹ kí a gbàgbé àwọn Sàró. Àwọn wọ̀nyí ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Freetown. Ní 1839 àwọn oníṣòwò nínú wọn ra ọkọ̀ kan tí wọ́n sọ ní Queen Victoria, wọ́n sì fi wọ́ kọ̀ǹbọ̀ wá sí Àgbádárìgì. Ní ọdún kan náà wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Gómìnà Doherty pé kí ìjọba dá ibùdó sílẹ̀ fún àwọn níbẹ̀. Ìjọba kò dá ibùdó náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò di ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹ ṣe àkíyèsí pé ìran Yorùbá kan náà ni ti Freetown àti ti Bahia, ìjọba tí ó wà lórí wọn ni ó yàtọ̀.

Ilé tí wọ́n padà sí

Kí olùkọ́ má ṣe parí ìtàn yìí bí àlọ́, pé wọ́n dé ilé, wọ́n sì jókòó jẹun. Èkó kò gba àwọn tí ó kọ́kọ́ dé tọwọ́tẹsẹ̀. A gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Lẹ́yìn 1851, nígbà tí a lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, ni ará tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wọ́n. Nínú àwọn tí wọ́n padà sí etí òkun wa pàápàá, a rí àwọn tí wọ́n tún bọ́ sínú òwò ẹrú fúnra wọn. Òtítọ́ ni, ó sì yẹ kí a sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mú bọ̀ kò kéré. Pópó Àgùdà ní Èkó wà títí di òní, àti fràjọ́n tí wọ́n máa ń sè ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ìrántí ikú Jésù. Mọ́sálásí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894, João Baptista da Costa tí í ṣe Àgùdà ni ó darí iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tún wà, ará ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, tí a mú ní èwe lọ sí Bahia. Ó di òmìnira níbẹ̀, ó sì padà sí Èkó pẹ̀lú aya àti ọmọ. João Èṣan da Rocha ni. Ọmọ rẹ̀, Candido da Rocha, di olówó ńlá, ilé wọn ní òpópónà Kakawa, tí a mọ̀ sí ilé omi nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń ta omi fún ará ìlú, sì di ohun ìtàn.

Àwọn Júù lábẹ́ ìjọba Soviet

Nísinsin yìí tí ọmọ ti mọ Licutan, ẹ jẹ́ kí a mú un dé Moscow. Ìjọba Soviet sọ pé gbogbo ẹ̀yà ni ó dọ́gba lábẹ́ òun. Ṣùgbọ́n Júù tí ó bá fẹ́ lọ sí Ísírẹ́lì tàbí ibòmíràn ní láti gba àṣẹ, ìwé ìpè sì gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ wá láti òkèèrè. Láti ọjọ́ tí ó bá ti kọ orúkọ sílẹ̀ ni ìyọnu dé. Ọ̀pọ̀ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí iṣẹ́ bá sì ti bọ́, ìjọba tún lè pe onítọ̀hún lẹ́jọ́ pé ọ̀lẹ ajẹnirun ni. Àwọn mìíràn ni a sọ fún pé wọ́n mọ àṣírí ìjọba, nítorí náà wọn kò lè lọ. Àwọn tí a kọ̀ fún wọ̀nyí di ẹgbẹ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀.

Ní oṣù kẹfà 1970, àwọn bíi mélòó kan nínú wọn gbìyànjú láti gba ọkọ̀ òfurufú kékeré kan ní Leningrad kí wọ́n lè fi sá lọ. Wọ́n mú wọn kí wọ́n tó wọlé sínú rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, a dá ẹjọ́ ikú fún méjì nínú wọn, ṣùgbọ́n ariwo ayé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi yí ìdájọ́ náà padà kí ọdún tó parí. Ní 1972, ìjọba ní ẹni tí ó bá kàwé gboyè tí ó sì fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà, owó náà sì ju agbára ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 10,000 réis ti Bahia. Owó orí ti Bahia jẹ́ ìtanràn lórí ibi tí a bí ènìyàn sí. Ti Moscow jẹ́ ìtanràn lórí ohun tí ó wà nínú ọpọlọ rẹ̀.

Anatoly Sharansky béèrè àyè ní 1973, wọ́n kọ̀. Wọ́n mú un ní 1977, wọ́n pè é ní amí, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 13 ní 1978. Ọjọ́ 11 oṣù kejì 1986 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, tí ó fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá Glienicke láti Jámánì apá ìlà-oòrùn bọ́ sí Berlin apá ìwọ̀-oòrùn. Yosef Begun ń kọ́ ènìyàn ní èdè Hébérù. Ó rí ẹ̀wọ̀n àti ìgbèkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín ìjọba àti ìjọba ni: ní 1979, àwọn tí ó rí àyè lọ lé ní 50,000, ní 1984, wọn kò tó 1,000. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá 1987, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn péjọ ní Washington láti bá wọn ké. Nígbà tí ó fi máa di 1989, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu; ní 1991, ìjọba Soviet fúnra rẹ̀ kò sí mọ́.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé ni ọ̀rọ̀ èdè. Ní Bahia, wàláà di ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀; ní Moscow, ìwé álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù di ohun ìfura. Ó tún kan Ìwó yìí gbọ̀ngbọ̀n. Yunifásítì Bowen tí ó wà ní ibi tí Baptist College wà tẹ́lẹ̀, orúkọ T. J. Bowen ni ó ń jẹ́, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Amẹ́ríkà tí gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1858. Ní 1860, Bowen lọ sí Rio de Janeiro. Ó bá àwọn ẹrú tí ń sọ Yorùbá pàdé níbẹ̀, ó sì ń bá wọn fọ èdè wọn. Ìfura ni èyí dá sílẹ̀ lọ́kàn àwọn aláṣẹ. Àìlera ni ó mú un kúrò níbẹ̀ ní 1861. Ìjọba tí ó bá ń dí ènìyàn lọ́nà ilé kì í fẹ́ gbọ́ èdè ilé náà lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé èdè ni ó ń rán ènìyàn létí pé òun ní ibìkan tí òun ti wá.

Ibi tí ọ̀ràn méjèèjì ti yàtọ̀

Olùkọ́ rere kì í fi àfiwé tan ọmọ jẹ. Ẹrú ni àwọn tiwa. Ọmọ onílùú ni àwọn Júù ilẹ̀ Soviet, ó kéré tán lórí ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀mọ̀wé àti oníṣẹ́ ìjọba. Àwọn Júù ní ìbátan àti ìjọba lókèèrè tí ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ta ni ó bá Licutan sọ̀rọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo Júù ni ó fẹ́ lọ, bí kì í ti í ṣe gbogbo Yorùbá Bahia ni ó padà wálé. Àwọn tí ó dúró ni ó pọ̀ jù, àwọn ni ó sì sọ ẹ̀sìn òrìṣà wa di ohun tí Bahia fi ń yangàn lónìí. Ẹ̀tọ́ àtilọ kò túmọ̀ sí pé dandan ni kí ènìyàn lọ. Ilé tí ènìyàn ń padà sí náà kì í sì í ṣófo: àwọn Àgùdà bá onílẹ̀ ní Èkó, àwọn Júù sì bá ìjà lórí ilẹ̀ tí kò tíì parí ní ibi tí wọ́n dé.

Ohun tí ó so méjèèjì pọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ sílẹ̀ ní 1948, nínú Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ní abala 13: pé olúkúlùkù ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti kúrò ní orílẹ̀-èdè yòówù, títí kan tirẹ̀, kí ó sì padà sí tirẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ tiwọn ṣáájú: àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe náà kò sọ pé kí a lé onílé kúrò lájò o. Ó ní kí ó relé, ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀, nígbà tí ó bá wù ú.

Bí a bá wá ti sọ ti àwọn ẹlòmíràn tán, kí a wo ara wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀kẹ́ àìmọye Yorùbá, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Inísà, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn, ni wọ́n fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Lára wọn ni àwọn tí a bí sí Gánà, tí wọn kò mọ ibòmíràn ní ilé. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ó kan Nàìjíríà: ìjọba Ṣàgàrí fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì náà, àwọn tí ó lọ sì lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí ni a ṣì ń pè ní Ghana Must Go lọ́jà, tí a sì ń rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti gbọ́ ti Nimrod kò ní lè rẹ́rìn-ín mọ́ bẹ́ẹ̀.

Nínú kíláàsì

Kí ni olùkọ́ yóò wá ṣe? Kí ó ka òfin 1835 sétí ìgbọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì ní kí olúkúlùkù fi ara rẹ̀ sípò alágbàṣe kan ní Salvador: iye tí yóò san, ìwé tí yóò gbà, ẹni tí yóò fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe bákan náà fún onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Moscow ní 1972. Kí ó rán wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ó padà láti Gánà ní 1969, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá tí ó já gaara, nítorí pé àwọn àgbà wọ̀nyí kò ní wà títí láé. Ní gbogbo ìgbà, kí ìbéèrè kan má kúrò lẹ́nu rẹ̀: ta ni ó pinnu? Ṣé ẹni tí ń lọ ni, tàbí ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú?

Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní èrò tiwọn, pàápàá lórí bóyá ó tọ́ láti fi ọ̀rọ̀ ẹrú wé ọ̀rọ̀ ọmọ onílùú, àti bóyá ìjọba kankan lè wà láìní ẹnu ibodè. Ìyẹn gan-an ni ó yẹ kí a jíròrò. Olóòtú, mo dá ọ̀rọ̀ padà sọ́wọ́ yín.